Ẹja Àyẹ̀wò

Ohun tó kọ́kọ́ rí Tinúadé lára nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ọ̀dà náà kì í ṣe òórùn; ìmọ́tótó ni. Wọ́n ti gbá gbogbo ilẹ̀, wọ́n ti fi ẹfun kun ìdí àwọn igi ẹnu géètì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ni adágún kékeré onísìmẹ́ǹtì kan wà, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ẹja àrọ̀ mẹ́fà sì ń yí po nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà jáde. Páìpù kan yọ ẹnu sókè adágún náà. Àkọlé ara ògiri sọ pé ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ń dà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ ẹ tán.

Tinúadé gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, ó sì ń ṣe iṣẹ́ onígbà-díẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ́tótó àyíká ìjọba ìbílẹ̀. Òun ló ń bu omi àyẹ̀wò, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun bù ú. Láìsí ìbuwọ́lù yẹn, ìwé àṣẹ ọdún tuntun kò lè jáde. Bí ìwé náà bá sì jáde lónìí, ẹ̀sùn tí Ìyá Uswat fi kan ilé iṣẹ́ yìí ti kú nìyẹn. Ẹ̀yìn ògiri gan-an ni kànga obìnrin náà wà. Òun ni gbogbo àdúgbò ń pọn tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó ń yọ ìfóófòó aláwọ̀ ewé.

Ọ̀gá Job, olórí ẹ̀ka wọn, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀bá adágún. Ọkùnrin náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀.

"Ṣé ẹja yìí ti kú ni?" ló bèèrè.

"Rárá, sà."

"Ẹ̀rí wo ló tún kù?"

"Omi tó ń ti inú páìpù bọ̀ ló yẹ kí n bù, sà. Páìpù náà sì gbẹ. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, eruku ni mo bá."

Ọ̀gbẹ́ni Olúwaníyì, mánijà ilé iṣẹ́ náà, rẹ́rìn-ín. "Àǹtí kẹ́mísírì! Nítorí yín la ò ṣe ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí o."

"Ẹ̀gbin tó ki ńkọ́, sà?"

"Tánkà wa ló ń kó o lọ sí ààtàn ìjọba. Rìsíìtì wà."

"Ṣé tánkà tó wà níbẹ̀ yẹn? Koríko ti hù bo táyà rẹ̀."

Ọ̀gá Job gbé ojú sókè. "Tinúadé, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gba owó ààtàn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ti sanwó ààtàn, ẹ̀gbin rẹ̀ ti dé ààtàn nìyẹn. Àbí o fẹ́ sọ pé ìjọba ń gbowó lásán ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá Job tún tẹjú mọ́ ẹja.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan gba géètì kékeré wọlé, ó ru agbada ńlá. Ìyá Uswat ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹja tó kù nìyí." Bó ṣe rí Tinúadé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Háà, ọmọ kánsù! Ṣé nítorí kànga mi lẹ ṣe wá? Ọlọ́hun á gbè yín."

Tinúadé fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, kí ni wọ́n ní àwọn ń fi ẹja yín ṣe?"

"Wọ́n ní àwọn máa ń gba àlejò ni. Oníbàárà gidi ni wọ́n."

"Àwa ni àlejò náà, mà. Inú adágún yẹn ni wọ́n ń da ẹja sí ká tó dé. Ẹja yín ló ń jẹ́rìí fún wọn pé kànga yín kò bàjẹ́."

Ìyá Uswat wo agbada rẹ̀ bí ẹni tó ká ọmọ ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń jalè. "Omi tí mò ń rà ni mo fi ń sìn wọ́n," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Inú omi kànga mi, wọn kì í lò ju ọjọ́ kan lọ." Ó gbójú sókè. "Ṣé wọ́n máa fún yín lóúnjẹ?"

"Wọ́n máa ń fún wa."

"Ó dáa. Èmi ni n ó bu omi ìfọwọ́."

Tinúadé kò dá a dúró.

Bí àyẹ̀wò bá ti parí nílé iṣẹ́ náà, ẹlẹ́rìí ni wọ́n máa ń sè jẹ. Wọ́n kó ẹja kúrò nínú adágún, wọ́n sè é, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀bà. Ìyá Uswat kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ omi síwájú Ọ̀gá Job. Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò ó, ó sì tún fà á yọ bí ẹni tí iná jó. Nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ ti lẹ̀ mọ́ èékánná rẹ̀.

"Kí ni rádaràda yìí? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Omi kànga mi ni, ọ̀gá. Èyí tí ẹ̀yin àti ẹja mi jọ ń sọ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

Mánijà sáré gbé omi inú ike wá. Ọ̀gá Job fi í fọ ọwọ́, ó tún ọwọ́ fọ̀, ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹ ẹja títí dé egungun, ó nu ẹnu, ó sì fa ìwé jáde.

"Tinúadé, fọwọ́ sí i."

"N kò bu omi kankan, sà."

"O mọ̀ pé èmi ni mo máa sọ bóyá iṣẹ́ rẹ á tẹ̀ síwájú?"

"Mo mọ̀, sà."

Ọ̀gá Job gbójú sí ojú fèrèsé. "Abdulkabir! Wá fọwọ́ síbí."

"Ọ̀gá, dírẹ́bà ni mí o," ni Abdulkabir wí láti ìta.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbé wa wá síbi omi ni?"

Abdulkabir wọlé, ó fọwọ́ sí i. Kò wo ojú Tinúadé.

Ìyá Uswat gbé agbada rẹ̀ rù, pẹ̀lú ẹja tó kù nínú rẹ̀. "Ẹ lọ wá ẹlẹ́rìí mìíràn," ó sọ fún mánijà, ó sì jáde. Tinúadé kó àwọn ìgò àyẹ̀wò rẹ̀ tó ṣófo, ó tẹ̀ lé e.

Wọn kò tíì dé ẹnu kànga tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ògiri. Ìyá Uswat ju korobá sínú kànga, ó fà á sókè. Òórùn ọ̀dà gba imú wọn. Tinúadé rọ omi náà sínú ìgò, ó dé e pinpin, ó kọ orúkọ kànga àti àdúgbò sí i lára. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sí i, ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún.