Ẹ̀kúnwọ́ Iyọ̀ Lala Tamu

Obìnrin méjì ló ń dáná nílé Alal káfíńtà ní ìlú Sefru ní Mòrókò, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń po búrẹ́dì. Ọwọ́ Lala Tamu ni, ìyá Alal; Lala ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin níbẹ̀. Kí oòrùn tó yọ ni ìyá náà á ti jókòó ti ọpọ́n amọ̀ ńlá, á da ìyẹ̀fun sí i, á bu omi sí i, á wá ti ọwọ́ bọ ìkòkò iyọ̀, á fa ẹ̀kúnwọ́ kan yọ, á sì fọ́n ọn sí i láìwo ibi tó ń bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti wọlé náà ní ìyàwó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ló ṣe ń mọ ìwọ̀n, á ní ojú làwọn alákọ̀wé fi ń mọ nǹkan, ọwọ́ lòun fi ń mọ̀ ọ́n.

Batul, ìyàwó Alal, kò bá a du ọpọ́n rí. Ọbẹ̀ ni tirẹ̀. Ó se ọbẹ̀ ní tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá, wàhálà kò sí, títí di ọjọ́ tí Alal ń fá pákó lọ́wọ́ tó dédé jókòó sílẹ̀, tó ní ojú òun ń ṣú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, torí kò gba ẹ̀rọ náà gbọ́. Ó bi Alal pé kí ló pa bàbá rẹ̀. Alal ní rọpárọsẹ̀ ni, pé orí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ló jókòó sí tí kò fi dìde mọ́, orí rẹ̀ kò sì tíì funfun tán nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, ó wá fa Batul sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ṣíbí oníke kékeré kan lé e lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí oògùn ikọ́ ọmọdé.

"Bu iyọ̀ kún un, kó o fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí ẹ̀ kó tẹ́jú. Gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ ò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo wí o."

Batul fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kò sì ṣetán láti di opó. Ó di ṣíbí náà sínú ìborùn rẹ̀ bí ẹni di owó orí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí iyọ̀ tó wọ inú ọbẹ̀ rẹ̀ tí kò gba inú ṣíbí kọjá. Á bù ú, á gbá a, á da èyí tó ṣẹ́ kù padà. Ó fọ èso ólífì lómi lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e kalẹ̀. Ó gbé ìgò ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n rì sínú iyọ̀ lọ sórí àjà tó ga jù. Lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n yí àwo ká, Lala Tamu fi búrẹ́dì run ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dáwọ́ dúró.

"Ìyàwó, ta lo se èyí fún? Ṣé àwa ni, àbí àwọn tó ń gbé inú gọ́tà?"

Kò sẹ́ni tí kò lóye rẹ̀ nínú ilé. Àlùjọ̀nnú kórìíra iyọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oúnjẹ tí kò níyọ̀ ni àwọn àgbà Sefru ń dà sẹ́nu ihò omi bí wọ́n bá fẹ́ tù wọ́n lójú. Obìnrin tó bá se irú rẹ̀ fún ọkọ, bí kì í bá ṣe ọ̀lẹ, a jẹ́ pé ó lọ́rẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀.

"Iyọ̀ wà ńbẹ̀, Lala," Batul dáhùn. "Mo wọ̀n ọ́n ni."

"O wọ̀n ọ́n. Ṣé góòlù ni?"

Alal rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun lọ. Batul fara dà á fún oṣù méjì gbáko. Ó gbọ́ yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ìyá ọkọ, ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ, ó ka gbogbo rẹ̀ sí pàǹtírí, ó gbá a síta. Ìgbà tí wọ́n wá padà sílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ Alal ga bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ kò tó nǹkan. Ojú ti Batul débi pé kò lè wo nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó kàn béèrè pé, "Kí ló fi ń jẹ ọbẹ̀ yẹn?"

"Búrẹ́dì ni."

"Ní ìgbà mélòó lóòjọ́?"

"Ìgbà wo ni kì í jẹ ẹ́?"

"Ta ló ń pò ó?"

Batul rántí ọpọ́n Lala Tamu. Inú bí i sí ara rẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ohun tí òun sì ti ń ṣe fún oṣù méjì nìyẹn.

Lala Tamu ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ó wálẹ̀ àbí kò wálẹ̀?" Nígbà tí Alal mi orí, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Oṣù méjì tí mo fi jẹ oúnjẹ iwin. Ìyàwó, gbé ìgò ọsàn mi sọ̀ kalẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Batul ti wà nídìí ọpọ́n kí Lala tó dé ibẹ̀. Ó gbé abọ́ kékeré kan dání. Nígbà tí ìyá náà fa ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ yọ, Batul na abọ́ sí i.

"Lala, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á síbí ná."

Inú Lala dùn. Ó rò pé ìyàwó òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nígbẹ̀yìn. Ó da iyọ̀ náà sínú abọ́, ó ká ọwọ́ gbera láti wòran. Batul bẹ̀rẹ̀ sí fi ṣíbí bù ú, ó ń gbá a, ó ń dà á sórí aṣọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó di òkìtì mẹ́jọ. Àwọn márùn-ún ni ń bẹ nínú ilé náà, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Búrẹ́dì nìkan nìyẹn, kò tíì kan ọbẹ̀, kò tíì kan ólífì.

"Ẹ kà á, Lala."

Lala kò kà á. Ó ká etí aṣọ náà pọ̀, ó da òkìtì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú ìyẹ̀fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pò ó tagbáratagbára.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Batul jí ṣáájú gbogbo ilé. Ó fi ṣíbí méjì péré sí ìyẹ̀fun, ó pò ó, ó fi aṣọ bò ó kó wú, ó ṣù ú, ó sì tò ó sórí pákó. Nígbà tí Lala wọlé tó bá ọpọ́n tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti dojú ẹ̀ délẹ̀, ó mú ìborí rẹ̀, ó tẹ̀ lé Batul lọ sí ibi ààrò àdúgbò, níbi tí gbogbo ilé ti ń gbé búrẹ́dì wá fún Lahsen kó bá wọn yan án.

Àwọn obìnrin ti pọ̀ lórí ìlà. Lala Tamu jẹ́ kí wọ́n kí òun tán.

"Ẹ má jẹ́ kí pákó ìyàwó mi kan tiyín o," ó ní. "Oúnjẹ àlùjọ̀nnú ló wà lórí ẹ̀. Ó ti rí oníbàárà tuntun nínú gọ́tà."

Ẹ̀rín sọ. Hniya, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, na ọrùn wo pákó náà. "Batul, ṣé òótọ́ ni pé ṣíbí oògùn lo fi ń wọn iyọ̀ fún ọkọ ẹ?"

"Òótọ́ ni. Bí o bá fẹ́ràn ọkọ tìẹ náà, wá yá ṣíbí náà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ gbé ìjà yín bọ́ sóde," Lahsen ké látìdí ààrò. "Igi mi ń jó dànù."

Nígbà tí búrẹ́dì jáde, Batul mú ọ̀kan, gbígbóná rẹ̀ ń jó o lọ́wọ́, ó bù ú sí méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. "Ẹ máa wo ẹsẹ̀ mi," ó ní. "Bí ó bá hu pátákò bíi ti àlùjọ̀nnú, ẹ tètè sọ fún mi."

Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe Batul ni wọ́n ń rín. Lala rí i bẹ́ẹ̀, ara sì ta á.

"Ogójì ọdún ni mo fi po búrẹ́dì nílé yẹn. Kò pa ẹnì kankan."

Batul ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù méjì yẹ̀yẹ́ ti kún un dọ́fun. "Lala, bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

Kò sí ẹni tó wà lórí ìlà náà tí kò mọ Mufadal, ọkọ Lala Tamu. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ àga náà. Lahsen gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́nu ààrò. Lala Tamu tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó yí padà, ó sì lọ sílé láìwẹ̀yìn.

Ó dun Batul pé ó sọ ọ́. Kò dùn ún pé ó po búrẹ́dì.

Láti ọjọ́ yẹn, Lala kò bá wọn jẹun mọ́. Ó ń ra búrẹ́dì ọjà, ó ń dá a jẹ nínú yàrá rẹ̀. Batul sì ń gbé ọpọ́n sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ bó bá ti pò tán. Ṣíbí oníke náà tún wá sọnù. Batul wá a títí. Ó gbà pé Lala ti jù ú sínú kànga. Ó gba òmíràn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Alal ló kọ́kọ́ rọ̀. "Batul, fi díẹ̀ kún un nítorí Ọlọ́run, kí ilé lè tòrò. Ìyá mi ni."

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sẹ́bàá iná," Batul dá a lóhùn. "O fẹ́ kí ilé tòrò. Kí n wá máa sunkún rẹ nínú ilé tó tòrò, àbí?"

Alal dìde, ó padà sídìí pákó tó ń fá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Batul gun òkè ilé lọ sá aṣọ, ó bá Lala Tamu níbẹ̀ tó ń sá ata pupa sórí ẹní.

"Jókòó," ìyá náà wí, láìgbójú sókè. "Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Má parọ́ fún mi torí pé mo dàgbà."

Batul jókòó.

"Tí ṣíbí yẹn bá jẹ́ òótọ́, ta ló pa Mufadal?"

Batul mọ irọ́ tó yẹ kó pa. Irọ́ náà dùn, gbogbo ayé ló sì ń pa á: pé Ọlọ́run ló fi í fún wọn, Ọlọ́run ló sì gbà á. Ó wo ojú ìyá náà, ó sì rí i pé kì í ṣe búrẹ́dì ló ti ń jà fún láti ọjọ́ yìí wá. Àánú rẹ̀ ṣe é gan-an, síbẹ̀ kò pa irọ́ náà.

"Mi ò mọ ohun tó pa bàbá, Lala. Kò sẹ́ni tó wọn iyọ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó sọ fún yín. Ẹ̀yin ò mọ̀ nígbà yẹn. Èmi mọ̀ báyìí. Bí mo bá mọ̀ tí mo dákẹ́, èmi ni mo pa Alal. Ẹ bínú sí mi títí láé, mi ò ní gbé ọpọ́n sílẹ̀."

Lala Tamu la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó pa á dé. "Ó máa ń ní kí n fi iyọ̀ sí i dáadáa," ó ní.

"Alal náà ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí yí ata rẹ̀, Batul sì dìde lọ sá aṣọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Batul jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó na ọwọ́ sábẹ́ ibùsùn, tí kò bá ọpọ́n. Ó sáré lọ sílé ìdáná pẹ̀lú ìjà lẹ́nu. Lala Tamu ti jókòó sáyè rẹ̀ àtijọ́, ìyẹ̀fun àti omi ti wà nínú ọpọ́n, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìkòkò iyọ̀.

"Lala, mo ti sọ fún yín."

"Pa ẹnu dé. Ojú rẹ ni kó o mú wá."

Ìyá náà fi ọwọ́ òsì yọ ṣíbí tó sọnù láti inú ìgbàyà rẹ̀. Kò fa ẹ̀kúnwọ́ yọ. Ìka mẹ́ta ló fi bu iyọ̀, ó dà á sínú ṣíbí, iyọ̀ sì kún un déédéé etí. Ó dà á sí ìyẹ̀fun. Ó tún bu òmíràn. Abọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ ti dúdú bí èyí tí wọ́n ti fọwọ́ pa láìmọye ìgbà. Batul rí abọ́ náà, ó mọ̀ pé Lala ti ń fi ṣíbí náà kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n, ìjà ẹnu rẹ̀ sì gbẹ.

"Ọ̀bẹ rẹ dà? Gbá a, kí n rí ohun tó máa dànù."

Batul gbá a. Kò sí nǹkan kan tó dànù.

"Gba ṣíbí rẹ," Lala Tamu wí. "Má tún mú un wá sídìí ọpọ́n mi. Ọwọ́ mi kì í sin ṣíbí."

"Màá máa wọ̀n ọ́n wò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Lala."

"Wọ̀n ọ́n."

Lọ́sàn-án, gbogbo wọn yí àwo kan ká, Lala Tamu náà wà níbẹ̀. Alal bu búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ìyá mi, mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ pò ó lónìí. Ó mà tẹ́." Ó na ọwọ́ sí àwo iyọ̀.

Lala Tamu gbé àwo iyọ̀ náà kúrò níwájú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bàbá rẹ ò rí irú ẹ̀ jẹ."