Èrò Ẹ̀yìn Sebahire

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje kẹ̀kẹ́, gbogbo àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò nísàlẹ̀ òkè Kabere ló ń tú kẹ̀kẹ́ dúdú wọn kó lè fúyẹ́. Wọ́n tú agogo, wọ́n tú irin tó bo táyà, wọ́n tú àga tìmùtìmù tí èrò ń jókòó lé lẹ́yìn. Kayitare tú tirẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ náà fi dà bí adìẹ tí wọ́n ti hu ìyẹ́ rẹ̀. Sebahire nìkan ló ṣì ń bá nọ́ọ̀tì àga ẹ̀yìn jà. Ọdún méje ni òjò àti ẹrẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Ó fi sípánà yí i, kò yí. Ó fi òkúta lù ú, òkúta ló fọ́. Ó wá kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ àna.

Kayitare ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní bóyá ó fẹ́ gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ dání lọ síbi ìparí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Sebahire. Ẹ̀bùn ọdún yìí kì í ṣe ewúrẹ́. Kẹ̀kẹ́ eré gidi ni, pupa, ó ní jíà mẹ́rìndínlógún, ẹni tó bá sì gbà á ti wọ ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ àgbègbè náà nìyẹn. Ọdún mẹ́ta léraléra ni Sebahire ti ń ṣe ipò kejì lẹ́yìn Kayitare. Ẹgbẹ́ náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, òun yóò sì pé ọgbọ̀n kí wọ́n tó wa ọ̀dùnkún tó wà lóko báyìí. Òní ni, àbí kó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Ogójì ènìyàn ló gbéra. Wọ́n yí àwọn oko ká fún àádọ́ta kìlómítà, àwọn òkè oníná tó ti sùn sì dúró lẹ́yìn wọn bí àgbà tó ká ọwọ́ gbera. Nígbà tí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ Kabere, ó ku méjìlá. Kìlómítà mẹ́rin òkè ló ṣẹ́ kù, ọjà ló sì wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìlà ìparí wà.

Sebahire dìde lórí ìjókòó, ó tẹ pẹ́dà.

Ó ti gbé olóyún gun òkè yìí rí, ó ti gbé àpò ọ̀dùnkún, ó ti gbé gálọ́ọ̀nù wàrà, nígbà kan ó gbé odindi ìlẹ̀kùn. Kò tíì sáré gùn ún báyìí rí láyé rẹ̀. Ẹnu yà á. Àfi bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Ó gbọ́ táyà tó ń kùn lórí ọ̀dà, ó gbọ́ àyà ara rẹ̀ tó ń lù, kò sì gbọ́ ẹlòmíì. Ó bojú wẹ̀yìn: Kayitare ti kéré bí eṣinṣin, àwọn yòókù ò tilẹ̀ hàn mọ́. Àwọn tó wà lóko gbé ọkọ́ lé èjìká, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń wò ó bí a ti ń wo òṣùmàrè.

Ìgbà náà ni ìyá arúgbó kan nawọ́ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ká ní Sebahire ronú ni, ìtàn yìí ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún méje ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé bí àgbà bá nawọ́, bíréèkì là ń fà. Ọwọ́ fà á. Ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹnu ní kí Màmá rọra gòkè. Nígbà tí ọkàn fi máa dé, ìyá náà, Nyirabukara, ti jókòó sórí tìmùtìmù, ó ti gbé agbọ̀n ọ̀dùnkún lé itan, ó sì ti tún aṣọ ṣe.

"Ọjà ni mò ń lọ," ó ní. "Má sáré o, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Èèwọ̀ kan wà láàárín àwọn agbérò Kabere: a kì í sọ èrò kalẹ̀ láàárín òkè. Ẹni tó bá dán an wò, kó yáa lọ máa gbé òkúta, nítorí ènìyàn ò ní gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́. Sebahire ro ti kẹ̀kẹ́ pupa. Ó ro ti èèwọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó tẹ pẹ́dà.

Ìyá náà béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń wò. Ó béèrè ìdí tó fi ń làágùn bẹ́ẹ̀, ṣé kò jẹun ni. Sebahire fi èémí tó kù sọ fún un pé ìdíje ni.

"Ta lò ń bá díje?"

"Ẹni tó ń kọjá lọ yẹn, Màmá."

Kayitare ló dé yẹn, tó ń fò bí ẹyẹ, tó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọjá. Nyirabukara mọ̀ ọ́n. "Kayitare, mo mọ ìyá rẹ. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ láti máa kọjá àgbà nìyẹn, láìkí i?"

Ẹ̀rín kú. Ẹ̀kọ́ ilé kì í fi ni sílẹ̀ lórí òkè: Kayitare tẹ orí ba, ó ní ẹ káàsán Màmá, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a wọ gọ́tà. Síbẹ̀ ó lọ. Sebahire ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní kọ́nà. Ipò kejì lẹ́ẹ̀kẹrin nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀dà parí nígbà tó ku igba mítà. Erùpẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀, ó dúró bí àkàbà, òjò àfẹ̀mọ́júmọ́ sì ti sọ ọ́ di ọṣẹ. Kayitare dìde lórí pẹ́dà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò ru nǹkan kan wá ń yí bí òkòtó lójú kan. Ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú.

Táyà Sebahire náà kan ẹrẹ̀. Kò yọ̀. Ìyá arúgbó, agbọ̀n, àga tí kò ṣeé tú, gbogbo rẹ̀ tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ ilẹ̀ bí eyín.

"Màmá, ẹ má mira."

"Ta ló ń mira? Mo ti ń gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ."

Díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń gun igi, wọ́n kọjá Kayitare lórí ìkúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wọ ọjà, wọ́n gba orí ìlà ìparí kọjá. Ẹni tó ń wọn ẹ̀wà, ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Mukamusoni, obìnrin tó ń ṣe adájọ́ eré, fi fèrè sẹ́nu, ó gbàgbé láti fọn ọ́n. Wọ́n ti rí ẹni tó sáré dé ibẹ̀ rí. Wọn ò tíì rí ẹni tó gbé ènìyàn dé ibẹ̀ gba ipò kìíní.

Nígbà tí Mukamusoni rántí ara rẹ̀, ó ṣí ìwé òfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ran eléré lọ́wọ́. Ó bi Nyirabukara bóyá ó ran ọkùnrin yìí lọ́wọ́. Inú bí ìyá náà. Ó ní òun tí wọ́n gbé, ìrànlọ́wọ́ wo lòun tún fẹ́ ṣe. Mukamusoni ní ìwúwo rẹ̀ ló di táyà mú. Sebahire sorí kọ́, nítorí òótọ́ ni. Adájọ́ wá kọjú sí Kayitare tí ẹrẹ̀ bò dé ojú, ó ní bó bá ní ẹjọ́, kó rò ó, kẹ̀kẹ́ pupa di tirẹ̀.

Kayitare wo òkè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó nu ẹrẹ̀ lójú.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìyá yìí gùn ún," ó ní. "Bí mo bá dé, màá rojọ́."

Bí Sebahire ṣe gba kẹ̀kẹ́ pupa nìyẹn. Ó fi ìka méjì gbé e sókè, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, omi sì lé sí i lójú. Nyirabukara, tó ti ta ọ̀dùnkún rẹ̀ tán, yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dára," ó ní. "Ilé ni mò ń lọ báyìí. Níbo ni màá jókòó sí?"

Sebahire wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ibì kankan.

Àwọn tó pẹ́ dé, tí wọ́n ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ni wọ́n rí ìyókù. Wọ́n rí olúborí tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ dúdú ẹlẹ́rẹ̀, tí ìyá arúgbó kan ń wí fún un lẹ́yìn pé kó má sáré. Wọ́n rí Kayitare tó ń bá a gun kẹ̀kẹ́ pupa bọ̀ lẹ́yìn wọn, tó fi ọwọ́ méjèèjì di bíréèkì mú pin-pin. Ó ti kí ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò jẹ́ kọjá wọn.