Ọkọ Mi Kì Í Bọ́ Ṣẹ́ẹ̀tì Mọ́

3.

…nítorí náà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì wọ balùwẹ̀, ó sì wọ òmíràn jáde. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ bó ṣe ń di bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ọrùn.

Eckhard. Ọkọ mi. Ẹni tó máa ń dúró níhòòhò létíkun, tí á máa bá alága abúlé jiyàn lórí owó omi.

(Apá kìíní àti apá kejì ìtàn yìí wà tẹ́lẹ̀. Mo ti fà wọ́n ya. Irọ́ pọ̀ nínú wọn.)


4.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ SỌ, BÍ MO ṢE GBỌ́ Ọ

Jẹjẹrẹ náà ti kúrò. Wọ́n gé lára ìfun rẹ̀. Wọ́n la ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ á máa gbà bọ́ sínú àpò kan tó lẹ̀ mọ́ ikùn. Títí ayé. Ó lè wẹ̀ nínú òkun bó bá wù ú. Àpò náà kì í jò.

BÍ ECKHARD ṢE GBỌ́ Ọ

Títí ayé.


5.

Létíkun wa, níbi tí àwọn igi páìnì parí sí, a kì í wọ nǹkankan. Ayé àwọn òbí wa ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ Jámánì ṣì jẹ́ méjì, tí àwa sì wà ní apá tí wọn kì í jẹ́ kéèyàn rìn jìnnà. Àwọn ará ibòmíì rò pé ìṣekúṣe ni. À ń gé búrẹ́dì. À ń ka ìwé ìròyìn. À ń sùn, a ó jí, a ó wọ Òkun Báltíkì, otútù á mú wa, a ó pariwo.

Ìyá àgbà tí ọmú rẹ̀ ti dé ìdodo ń bẹ níbẹ̀. Ọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ sójú ogun náà wà níbẹ̀ títí tó fi kú. Nígbà tí mo bí ọmọ wa, tí ikùn mi rí bí àpò tí wọ́n ti kó ọkà inú rẹ̀ tán, ẹ̀rù bà mí láti lọ. Mo lọ. Mo rí ikùn lóríṣiríṣi. Kò sẹ́ni tó bèèrè tèmi.

Kò sí "ẹ̀yin" níbẹ̀. Dókítà o, alága o, Eckhard tó ń fi esùsú bo òrùlé ilé onílé o: "ìwọ" ni gbogbo wa.


6.

Ọjọ́ tí Wiebke kọ́kọ́ wá sétíkun wa, ọmọdébìnrin kọ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún. Ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́. Epo gbígbóná ti dà sí i lẹ́yìn, láti èjìká dé itan. Ó jókòó sórí iyanrìn nínú ooru, pẹ̀lú kaba gígùn.

Eckhard gbé ẹja yíyan lọ bá a. Gbogbo ohun tí Ọlọ́run fún un ń mì níwájú rẹ̀.

"Ìwọ, ṣé ooru ò mú ọ ni?"

"Ó ń mú mi."

"Kí ló wá wà lábẹ́ aṣọ yẹn tó burú ju ooru lọ?"

Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Eckhard wò ó. Kò yára gbójú kúrò, kò sì tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ó ti dùn ọ́ gan-an. Gba ẹja."

Ìyẹn nìkan ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kaba náà ti di ìrọ̀rí.


7.

ÌKÉDE

LÁTI ỌDÚN YÌÍ, APÁ ETÍKUN TÍ A LÈ WÀ LÁÌWỌṢỌ TI DÍN KÙ. LÁTI ÒPÓ TÓ WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ TÍTÍ DÉ ILÉ ÀWỌN ADÓÒLÀ Ẹ̀MÍ, Ẹ JỌ̀WỌ́ Ẹ WỌ AṢỌ ÌWẸ̀. ÀWỌN ÀLEJÒ WA TI FẸJỌ́ SÙN.

Ẹnì kan fi báírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Ṣé àwọn àlejò ló bí wa ni?*


8.

ÈMI: Wiebke, jọ̀ọ́, wá wo Eckhard. Kì í jáde mọ́.

WIEBKE: Ṣé ó mọ̀ pé mò ń bọ̀?

ÈMI: Rárá.

WIEBKE: Á bínú o, Roswitha.

ÈMI: Ìbínú náà gan-an ni mò ń wá.


9.

Nídìí tábìlì ilé ìdáná wa. Kọfí, kéèkì.

WIEBKE: Ẹ kú ilé o. Ṣé ara yín ti ń mókun?

ECKHARD: Ìgbà wo ni mo di "ẹ̀yin"?

WIEBKE: (Ó ń da ṣúgà sínú kọfí rẹ̀.)

ECKHARD: Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

WIEBKE: Ẹ ti di bọ́tìnnì dé ọrùn nínú ilé ara yín. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ.

ECKHARD: Tìẹ yàtọ̀. Epo ló jó ọ. Èmi ń gbé ìgbẹ́ kiri.

WIEBKE: Ìwọ lo sọ fún gbogbo wa pé ara kì í ṣe ohun ìtìjú.

ECKHARD: Ara tèmi dára nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

(Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kéèkì.)

WIEBKE: Mi ò fẹ́ràn ẹ̀yìn mi títí di òní. Etíkun ò sọ ọ́ di ẹlẹ́wà. Mo kàn ṣíwọ́ ṣíṣọ́ ọ ni. Ó máa ń rẹ èèyàn láti máa ṣọ́ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

ECKHARD: Ó ń rẹ̀ mí.


10.

Mi ò sí níbi tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Eckhard dúró níwájú dígí. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Àpò náà dún díẹ̀. Ó bá a wí, bí onílé ṣe ń bá ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde wí.


11.

Bóyá kò sọ nǹkankan.


12.

Eckhard ló ní ká lọ sétíkun. Ìgbà ìwọ́wé ti dé, àwọn àlejò ti padà sílùú wọn. Mo mọ ìdí tó fi yan ìgbà náà.

Ìkùukùu bo omi. Ó tú bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó bọ́ gbogbo ẹ̀, ó kó o fún mi. Ara rẹ̀ funfun bí inú búrẹ́dì. Àpò náà ní àwọ̀ tí wọ́n pè ní àwọ̀ ara, àmọ́ kì í ṣe àwọ̀ ẹnì kankan.

Mo wò ó. Bóyá mo pẹ́ jù. Bóyá mo yára jù.

ECKHARD: Kò kà.

ÈMI: Kí ni kò kà?

ECKHARD: Kò sẹ́ni tó rí mi.

ÈMI: Èmi rí ọ.

ECKHARD: Ìwọ ti rí mi ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú rọ́bà nímú. Tìẹ ti tán.


13.

Àwọn méjì ń bọ̀ láti apá ibi òpó. Kóòtù wọn dé orúnkún. Mi ò mọ̀ wọ́n rí.

Mo na táwẹ̀lì sí i. Kò gbà á. Kò sì ní òun ò gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè dé ẹ̀gbẹ́ àpò náà, ó dúró síbẹ̀. Kò bò ó. Kò kúrò.

Ajá wọn ló kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọ́n pè é. Kò lọ.

Àwọn oníkóòtù méjèèjì gbójú sókè, wọ́n sì rí Eckhard.