Ọmọ Ọdẹ Kì í Fọn Fèrè

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: Olúṣẹ̀san kò pa ẹran rí. Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ béárì. Òkété kan kò ti ọwọ́ rẹ̀ kú. Adìẹ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà ní kó dú fún ọdún Kérésì ní Ìjẹ̀bú, ó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fò gba orí ògiri lọ, ìrẹsì lásán ni wọ́n jẹ lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1998, ẹni tó bá dé Al Rigga ní Dubai, tó wá Olúṣẹ̀san tó ń ra fáànù ránṣẹ́ sí Èkó, káàdì ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lókè, gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé, "Hunter and General Merchant". Fáànù ló ń bọ́ ọ o, ṣùgbọ́n ọdẹ ló ṣíwájú.

Kò kúkú parọ́ tán. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí Èkó, ìyá àgbà ló wò ó dàgbà lábúlé. Nígbàkígbà tó bá béèrè iṣẹ́ bàbá òun, ìyá a ní, "Ọdẹ ni bàbá rẹ. Ọdẹ gidi. Kì í sùn." Igbó ló yí abúlé ká, ọmọ wojú igbó, ó gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹni bíni là á jọ.

Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Doyle ló wá da epo sí iná yìí. Ará Canada ni, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn tafàtafà tí í pàdé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nínú iyanrìn lẹ́yìn Muwaileh, ní Sharjah. Ẹran rọ́bà ni wọ́n ń ta lọ́fà níbẹ̀, nítorí ẹran gidi tó wà nítòsí kò ju ràkúnmí lọ, ràkúnmí kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti di oṣù September, Doyle a kó ènìyàn mẹ́jọ lọ sí igbó Canada, níbi tí béárì wà. Bí Olúṣẹ̀san ti gbọ́ èyí, ó fi ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Dubai, sílẹ̀ ní Oud Metha. Pásítọ̀ bi í léèrè. Ó ní ogún bàbá òun lòun ń lọ gbà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ta ọfà mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án wọ iyanrìn. Ìkẹwàá bá béárì rọ́bà ní ìdí. Iwájú ni wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀.

Fọ́tò náà ló ń fi han Àǹtí Kàfáyàt, ìyá tó ń bá àwọn oníṣòwò di ẹrù sínú kọ̀ǹténà, nígbà tí ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀ nínú aṣọ ọdẹ tó kún fún àwòrán ewé.

"Ṣẹ̀san, o dà bí igi àgbálùmọ̀ tó ń rìn."

"Àǹtí mi, kí béárì má baà rí mi ni."

"Béárì wo? Ní Al Rigga?"

"Ní Canada, àǹtí. Ẹni mẹ́jọ péré ni wọ́n ń mú, àyè kan ló kù, tèmi ni. Wọ́n á kọ lẹ́tà fún mi, embassy á tẹ visa. Khalas, ó parí!"

"Èmi tí mo lọ sílé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, mo mọ béárì o. Méjì nínú wọn ló fa àwọn ọmọ ya nínú Bíbélì nítorí orí pípá wòlíì."

"Àwọn tó bú orí pípá ni wọ́n fà ya, àǹtí. Wọn ò fọwọ́ kan ẹni tó lórí pípá."

"Ọpẹ́ ni," ni Kàfáyàt wí, ó ń wo àtàrí rẹ̀. "Ìwọ bọ́. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ tó o ní ó ṣọdẹ yìí, ṣebí Èkó ló gbé?"

"Èkó ló kú sí."

"Igbó wo ló wà l'Ékòó?"

"Ẹ gbọ́ àǹtí yìí! Ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e tán ni. Yalla, mo ń lọ Sharjah."

Lọ́jọ́ náà, lábẹ́ àgọ́, Doyle kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń gbé ilẹ̀ béárì láìfara pa. Ó ní kí wọ́n so oúnjẹ kọ́ sókè igi, kó jìnnà sí ibi tí wọ́n bá sùn. Ó ní bí wọ́n bá pàdé béárì, wọn ò gbọdọ̀ sáré. Kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn rìn, jẹ́jẹ́. Àkókò tí a bá ń dọdẹ ẹran nìkan la ń dákẹ́. Bí a bá ń rìn lọ rìn bọ̀, ariwo ni kí a máa pa, nítorí béárì tí a bá yọ sí lójijì ni í pani. Ó wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fèrè kan àti tọ́ọ̀ṣì kan.

Olúṣẹ̀san dá tirẹ̀ padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

"Sir, rẹfirí ló ń fọn fèrè. Ọmọ ọdẹ ni mí. Ewé gbígbẹ kì í gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi."

Gbogbo àgọ́ wò ó tìyanu-tìyanu. Doyle ní ó dára, ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá ń lọ ilẹ̀ béárì gbọ́dọ̀ mú ìwé ọdẹ wá, tirẹ̀ tàbí ti ilé rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, dókítà eyín kan ń dúró de àyè náà.

Olúṣẹ̀san kò mikàn. Ó tẹ Olúwabùnmi, àbúrò rẹ̀ obìnrin, láago ní Mushin. Ọjọ́ kẹta ni Olúwabùnmi pè padà, tayọ̀tayọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i o! Káàdì ẹgbẹ́ ọdẹ bàbá wa, ó wà nísàlẹ̀ àpótí màámi. Nǹkan ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é kà."

"Má fi ránṣẹ́ sí mi," ni Olúṣẹ̀san wí. "Fax rẹ̀ sí ọ́fíìsì òyìnbó tààrà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo tún un ṣe."

Nígbà tí Jímọ̀ pé, ó mú Àǹtí Kàfáyàt dání lọ sí Sharjah, kó lè rí ẹni tí yóò ròyìn dé Al Rigga. Doyle na bébà náà sókè. Ó ti béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀, ará Ìlọrin.

"Ọdẹ," ni Doyle wí. "Hunter!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí Olúṣẹ̀san ka ìyókù, kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Ó kọ̀. Ó ní kò yẹ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ yin ilé bàbá rẹ̀. Ó gbé bébà lé Kàfáyàt lọ́wọ́, ó wá dìde dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò.

Ogún ọdún ni Kàfáyàt ti ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn oníbàárà níwájú àwọn ará Íńdíà tó ń tajà. Bó bá ti ń kà ló ń túmọ̀, ẹnu rẹ̀ a sì máa ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. Ó kà á ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ketekete, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì:

Iṣẹ́: ọdẹ. Ibi iṣẹ́: ẹnu géètì ìsọ̀ pákó, Èbúté Mẹ́ta. Ohun iṣẹ́ tí a fún un: fèrè kan, tọ́ọ̀ṣì kan.