Omi Lẹ́nu Ọ̀ta

Bí ẹ bá ń wá Ọládòṣù ní Ẹdẹ, ẹ má wulẹ̀ wojú kiri, ẹ ṣáà tẹ́tí sílẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta ayò fún ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni. Kò sì sí ọjọ́ kan tó jókòó ti ọpọ́n tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Bó ti ń ta ni yóò máa bú ẹni tó ń bá a ta, tí yóò máa pè é lópè, títí olúwarẹ̀ yóò fi gbàgbé iye ọmọ ayò tó wà níwájú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kí ayò rí. Ta ní í ta ayò bí ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀?

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gba fàdákà níbi ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Wúrà ni kò gbà rí. Lọ́dún yìí ó pé ọgọ́ta ọdún, ìwé ìfẹ̀yìntì sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, torí náà àǹfààní ìkẹyìn nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìpínlẹ̀ fẹ́ mú lọ sí Àbújá, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Nígbà tí wọ́n sì yọ àwọn yòókù tán, ó ku Ọládòṣù, ó ku Títílayọ̀.

Ọwọ́ Ọládòṣù ni Títílayọ̀ yìí ti kọ́ ayò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó wá dúró sẹ́yìn bàbá náà ní Sẹ́kọ́nà, tó ní ibi tó ti ta yẹn kò dáa. Ọládòṣù bú u lọ́jọ́ náà débi pé ẹ̀rín pa ọmọ náà jókòó. Bó ṣe di ọmọ ilé nìyẹn. Bàbá kò bí obìnrin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí irú ẹran tó máa ń tọ́jú de Títílayọ̀ lọ́jọ́ Iléyá kò ní í gbà bẹ́ẹ̀.

Òfin tuntun ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nídìí ọpọ́n yóò gba ìkìlọ̀. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti fìdí rẹmi. Ọládòṣù jẹ eré kìíní, ó sì gba ìkìlọ̀ kan. Títílayọ̀ jẹ ìkejì, bàbá tún gba ìkìlọ̀ mìíràn. Ó wá ku eré kan ṣoṣo, kò sì sí àyè fún ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Kúlúsúmù ìyàwó rẹ̀, tó wà láàárín èrò inú gbọ̀ngàn, já omi inú ọ̀rá kan. "Bàbá Teslim, ẹ bu eléyìí sẹ́nu. Ẹ má gbé e mì o."

Rẹfirí, Adéyẹmí, tíṣà kan láti Awo, rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òfin kò ní kí èèyàn má fomi sẹ́nu.

Bí eré kẹta ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu dí, ojú sì là: Ọládòṣù rí ayò lọ́jọ́ náà bí kò ṣe rí i rí. Kò pẹ́ tó fi jẹ méjìlélógún. Tó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó parí. Ó ti ń rí wúrà náà lọ́rùn ara rẹ̀.

Àfi bí ọmọ ayò kan ṣe bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ Títílayọ̀. Àgbà tó bá ń pariwo kò tíì bínú. Èyí tó bá dákẹ́ ni kí ọmọdé wá ibi sá sí. Títílayọ̀ kò rí bàbá yìí kó dákẹ́ rí. Ó ti lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbà láti bá a ta, bàbá sì fi ẹ̀rín gbà á. Ó wá rò ó báyìí pé inú ti ń bí i látìgbà náà. Ètè rẹ̀ mì, kò sí ohùn, ṣùgbọ́n Ọládòṣù kà á: *Bàbá, ẹ má bínú.* Omijé kán sórí ọpọ́n.

Ọládòṣù wo rẹfirí. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó gbé omi náà mì.

"Òpè!" ló ké. "Ta ló ń bínú sí ẹ? Nujú ẹ, kó o jẹ́ kí n nà ẹ́ dáadáa!"

Adéyẹmí rọra gbọ́wọ́ sókè. "Bàbá, ẹ̀kẹta nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo lè ka ení dé ẹ̀ta."

Kúlúsúmù kawọ́ lérí. Ṣùgbọ́n Títílayọ̀ kò dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀." Adéyẹmí pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní kí wọ́n máa ṣe é lọ. Ọládòṣù wá da gbogbo èébú tó ti há sí i lọ́fun sílẹ̀, ọmọ náà ń dá a padà fún un, ẹ̀rín ń pa á, ayò kankan kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ka ayò, Títílayọ̀ ti jẹ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Méjìlélógún Ọládòṣù kò fi ẹyọ kan lé sí i.

Bàbá tẹjú mọ́ ọpọ́n. Ó ti rò pé òun ló fi ipò náà ta á lọ́rẹ, àṣé ọmọ náà lè gbà á fúnra rẹ̀. Ó dùn ún wọ eegun, síbẹ̀ inú rẹ̀ ń yọ̀ pẹ̀lú ìrora náà. Ó fa ọwọ́ ọmọ náà sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i.

"Bàbá Teslim, wúrà yín ńkọ́?" Kúlúsúmù bi í.

"Ó ń lọ sí Àbújá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Ọládòṣù wí. "Wá nǹkan tí yóò jẹ lọ́nà fún un."