Ẹsẹ̀ Mọ́gàjí

Iná ń jó nínú ẹsẹ̀ òsì mi, àwọn ọmọ ogun ara mi gan-an ló sì dá a. Wọ́n wọ kakí, wọn ò tóbi ju ẹ̀wà lọ, mo sì ń rí wọn lábẹ́ awọ ara mi bí ẹni ń wo inú ìgò. Mo bi wọ́n pé ọ̀tá wo ni wọ́n ń sun. Ọ̀gá wọn ní kò sí ọ̀tá kankan. Ó ní, “Bàbá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti pa wá bí ọtí. Ilé yín náà là ń sun.” Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ iná náà.

Nọ́ọ̀sì Jọláadé, tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ mi, dúró lójú fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Ó ní kí n máa rìn yí agbo ilé ká lójoojúmọ́. Ó ní bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, á máa jẹ ṣúgà náà, ọtí á dá lójú àwọn ọmọ ogun, wọ́n á paná, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ wọn. Ó ní bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ náà á lọ. Ohun tó ti ń sọ fún mi nígbà tí mi ò sùn náà nìyẹn, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

Kò yẹ kí ìrìn bà mí lẹ́rù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà kiri Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Ìgbà tí wọ́n fi mí jẹ Mọ́gàjí, olórí agbo ilé, ni nǹkan yí padà. Ní agbo ilé tiwa, Mọ́gàjí kì í bu omi mu fúnra rẹ̀.

Mo dìde. Àga kan hù láti inú ilẹ̀ sẹ́yìn mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, òmíràn hù. Ọmọ mi obìnrin, Moróunkẹ́jì, kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Ẹ jókòó, Bàbá. Ṣé a ti kú tán nínú ilé yìí ni?” Gbogbo ará ilé ń bẹ̀ mí láti inú ògiri. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo jókòó. Ìwà òmùgọ̀ ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń jókòó.

Yàrá náà gùn títí ó fi dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi Ràímì jókòó sí. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti kú. Òun ni Mọ́gàjí ṣáájú mi, àtọ̀gbẹ yìí kan náà ló pa á. Ẹsẹ̀ kan péré ni ṣòkòtò rẹ̀ ní. Ó bi mí bóyá àga mi rọ̀. Mo ní ó rọ̀. Ó ní, “Tèmi náà rọ̀.” Mo sunkún, omijé mi sì dùn lẹ́nu bí omi ìrèké.

Nǹkan kékeré kan gba ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi wọlé, níbi tí bàtà ti bó mi. Kò kánjú. Mo pariwo sáwọn ọmọ ogun mi pé ọ̀tá rèé, ọ̀tá gidi. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n yà fún un, wọ́n sì padà sídìí eegun mi tí wọ́n ń sun. Gbogbo ibi tó bá gbà ló ń dúdú. Mo fẹ́ dìde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìdí mi ti lẹ̀ mọ́ àga.

Ẹsẹ̀ òsì náà já ní orúnkún, láìsí ẹ̀jẹ̀. Ó dìde dúró, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń lọ sọ́nà Mápó. Ìrìn rẹ̀ já fáfá. Mo sọ fún Moróunkẹ́jì pé kó gbé mi dìde, kí n lè bá a. Mo ní mo fẹ́ rìn, ẹ̀ẹ̀kan péré yí ilé ká, mo bẹ̀ ẹ́ bí ẹrú. Ó gbé àpótí ìtìsẹ̀ wá, ó wo ibi òfìfo tó wà lábẹ́ orúnkún mi, ó sì gbé e síbẹ̀ náà.

“Ẹ fara balẹ̀, Bàbá,” ló wí. “A ó máa bá yín rìn ín.”