Àṣẹ Ọjọ́ Ẹtì

Ìyá Ìbejì ló ń ṣàtúnṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́ níbi iṣẹ́ wa kí ìwé náà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Inú ètò kan lórí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣe é, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ àṣẹ sí nísàlẹ̀: wá ọ̀rọ̀ báyìí, fi tọ̀hún rọ́pò rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bó bá tún fẹ́ lo àṣẹ ọ̀hún, á tẹ bọ́tìnì ọlọ́fà tó kọjú sókè, àṣẹ náà á sì jáde. Ètò náà gbọ́n gan-an ni. Àléébù kékeré kan ló ní: bí wọ́n bá ti pa á, kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ìyá Ìbejì mọ́.

Ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Mo-ti-mọ̀ bí kò bá sí nítòsí, sì ti pàṣẹ pé kí gbogbo kọ̀ǹpútà di pípa ní aago mẹ́rin, kí iná má baà jó dànù. Gílóòbù mẹ́fà tó ń tàn nínú yàrá tirẹ̀ lọ́sàn-án gangan kì í ṣe iná, ọ̀ṣọ́ ni.

Àṣẹ kan wà tó ń to nọ́ńbà àwòrán inú ìwé; wákàtí méjì ni Ìyá Ìbejì fi ń rò ó pọ̀ láràárọ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káléńdà. Oṣù parí, agbálẹ̀ já ojú ewé náà jù nù, nítorí obìnrin yẹn ò fi iṣẹ́ ṣeré.

Ó rojọ́ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn. Ìyẹn yà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ ìlà kan péré sínú ètò náà.

“Ìyàwó wa, ó ti ń rántí báyìí. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀, tọjọ́ taago ni yóò fi pamọ́.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Ìbejì gbàyè láti gbé àwọn ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ajé, orí keje ìwé sáyẹ́ǹsì ti di àwátì. Ọ̀gá ti ṣèpàdé lórí àìbìkítà àwọn tó ń fọmọ ṣe àwáwí, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ sì ti ń dúró dè é lórí tábìlì.

Ó tẹ bọ́tìnì kó lè rí ohun tó ṣe kẹ́yìn. Èyí tó jáde kì í ṣe tirẹ̀. Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ dé ìparí orí: ọjọ́ Ẹtì, aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn ìyẹn, dá a padà, lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kò sì sí ẹyọ kan tí wọ́n kọ dáadáa nínú wọn. Níkẹyìn: jọ̀wọ́.

Èmi tí tábìlì mi kọjú sí tirẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé Ọ̀gá ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó ní òun fẹ́ bá a dín iṣẹ́ kù. Ó sì dín in kù lóòótọ́. N kò sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé. Ojú sì ń tì mí.

Ìyá Ìbejì tẹ àwọn àṣẹ náà sórí ìwé, ó gbé e wọlé lọ bá Ọ̀gá. Mo-ti-mọ̀ kà á, ó nu awò ojú, ó tún kà á bóyá yóò yí padà.

“Ta ló ní kí ẹ̀rọ yìí máa kọ nǹkan sílẹ̀?”

“Àbúrò ọkọ mi ni, sà. Ṣé kó wá bá yín ṣe tiyín náà?”

Ó ní kò pọn dandan, pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá Ìbejì kò kúrò lójú kan. Ó ní ìpàdé ni wọ́n ti bú òun, ìpàdé náà ni kí wọ́n ti tú u.

Bí Ọ̀gá ṣe pè wá jọ lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kan ṣàṣìṣe, ó sì fi ìṣẹ́jú kan sọ pé ìka òun ló wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó kọ ìwé sáyẹ́ǹsì náà tún fi orí keje ránṣẹ́. Àwọn àṣẹ tí ètò náà ti fi pamọ́ ni Ìyá Ìbejì fi parí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó sì lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílé.